Ìjì ń bọ̀, kòrónà ò tíì lọ: ibo ni kí n gbé Màámi sá sí?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi inú gúrúùpù yìí. Ìkéré ni èmi ń gbé, àmọ́ ọ̀rọ̀ Màámi tó wà ní abúlé wa lápá Ẹ̀fọ̀n ni mo gbé wá síwájú yín. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ilé tí bàbá wa kọ́ ni wọ́n ṣì wà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, páànù orí ẹ̀ ti dípẹtà.

Lọ́dún tó kọjá, oṣù kẹrin 2020, nígbà tí ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé, ìjì kan jà lálẹ́, ó ṣí páànù yàrá méjì lọ ráúráú. Ọ̀nà tì pa, mi ò lè débẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé Màámi sáré wọlé aládùúgbò, wọ́n bá ìdílé méjì mìíràn tí òrùlé tiwọn náà ti lọ níbẹ̀, èèyàn mọ́kànlá nínú yàrá kan, fèrèsé tì torí òjò, kò sẹ́ni tó ní ìbòmú nínú wọn, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n sì fi wà bẹ́ẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. A gbé wọn lọ síbi ìtọ́jú kan, wọ́n ní àwọn ò gba ẹni tó ń wúkọ́. Títí dòní a ò mọ̀ bóyá kòrónà ni àbí òtútù òjò. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, àmọ́ mi ò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní báyìí òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú, oṣù kẹta ọdún 2021 la wà yìí. Ohun tó ń da ọkàn mi rú ni pé ìjì ní ká sá jọ sínú ilé kan tó lágbára, kòrónà ní ká má kó jọ, èwo ni kí n ṣe nínú ẹ̀? Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò lè yí òrùlé náà padà. Tí mo bá sì sọ fún Màámi pé kí wọ́n wá sí Ìkéré, wọ́n á ní àwọn ò ní kúrò nílé ọkọ àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Káfíńtà Adó: Ẹ kú ọ̀rọ̀ Màámi. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe orí nìkan ni ìjì ti ń mú òrùlé, ó ń mú un láti abẹ́ pẹ̀lú. Ó máa ń gba abẹ́ etí òrùlé wọlé, á wá gbé e láti ìsàlẹ̀ bí ìgbà téèyàn ṣí ọmọrí ìkòkò. Igi tó dùbúlẹ̀ lórí ògiri, èyí tí àwa ń pè ní wọ́ọ̀lù-pílétì, wọ́n kàn gbé e lé ògiri ni nínú àwọn ilé àtijọ́ wa, wọn ò so ó mọ́ nǹkan kan. Ẹ lè ra páànù tuntun lónìí kí ìjì gbé páànù àti igi lọ pa pọ̀ lọ́la. Nítorí náà ẹ má kọ́kọ́ náwó lé páànù. Ẹ ní kí wọ́n lu ihò la ògiri já, kó tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta sísàlẹ̀ igi yẹn, kí wọ́n fi irin kúkúrú tàbí igi líle há ibẹ̀, kí wọ́n wá fi wáyà tó nípọn tí kì í tètè dípẹtà so irin náà mọ́ wọ́ọ̀lù-pílétì àti àwọn igi òrùlé, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin yí ilé ká. Owó rẹ̀ kéré sí owó òrùlé tuntun. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ fi ọ̀bẹ gún àwọn igi náà, tó bá wọlé wẹ́rẹ́, ikán ti jẹ ẹ́, ẹ pààrọ̀ ìyẹn. Ìṣó onírọ́bà ni kí ẹ lò, kí ó sún mọ́ra dáadáa ní etí òrùlé àti ní téńté orí ilé torí ibẹ̀ ni ìjì ti ń fà jù. Tówó ò bá kárí, apá ìlà oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ so, ìjì tó ń bá òjò wá níbí, láti ìlà oòrùn ló sábà ń wá.

Àwọn tó ń gbé òkúta àti táyà lé orí páànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò. Ìjì tó bá lágbára á jù ú lu èèyàn ni.

Ọmọ Èkìtì ní Houston: Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an torí ohun kan náà la bá yí lọ́dún tó kọjá níbí, ní Houston ní Amẹ́ríkà. Ìjì ńlá ti òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní hurricane, ní àsìkò tiẹ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí dé ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá. Ní 2017, èyí tí wọ́n pè ní Harvey rọ̀jò lé wa lórí fún ọjọ́ bíi mẹ́rin, omi wọlé àwọn èèyàn débi àjà. Ti 2020 wá bọ́ sínú kòrónà, ìjì tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́dún yẹn jẹ́ 30, orúkọ tí wọ́n tò sílẹ̀ tán pátápátá, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà Gíríìkì pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, Laura, wọ ìpínlẹ̀ Louisiana ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, atẹ́gùn tó ń sáré bíi kìlómítà 240 ní wákàtí kan. Ohun tí wọ́n ṣe tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọgbọ́n mú nínú ẹ̀ ni pé wọn ò kó gbogbo èèyàn sínú gbọ̀ngàn kan bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n kó ọ̀pọ̀ lára àwọn tó sá àsálà lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè ní yàrá tiwọn. A ò ní hòtẹ́ẹ̀lì lábúlé, mo mọ̀, àmọ́ èrò yẹn ni kí ẹ mú: ìdílé kan, yàrá kan.

Báàgì tí mo máa ń dì sílẹ̀ kí oṣù kẹfà tó pé, ó ti yí padà láti ìgbà kòrónà. Tẹ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, rédíò alábátìrì, oògùn, ìwé pàtàkì nínú nylon, oúnjẹ tí ò nílò iná, àti omi gálọ́ọ̀nù kan, nǹkan bíi lítà mẹ́rin, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ní báyìí mo ń fi ìbòmú, ọṣẹ àti sanitizer kún un. Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ bẹ gbogbo yín lé lórí. Lẹ́yìn Laura, ìjì ti lọ, iná ò sí, àwọn kan gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sínú gáréèjì, èéfín rẹ̀ ló pa wọ́n lójú oorun. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín yẹn ò ní òórùn, èèyàn ò ní mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí òjò bá tiẹ̀ ń rọ̀, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí pálọ̀ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó jìnnà sí fèrèsé.

Ọmọ Ìjerò: Ẹ má bínú o, ṣé kòrónà tiẹ̀ wà lábúlé ni? Àwọn èèyàn wa ń lọ oko, ń lọ ọjà, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Òrùlé ni kí ẹ mójú tó.

Olùbéèrè: Bùrọ̀dá mi, mo gbọ́ yín, èmi náà ti ronú bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ mo gbọ́ ikọ́ Màámi lórí fóònù, tí wọn ò lè parí gbólóhùn kan. Bí kò tiẹ̀ jẹ́ kòrónà, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìdó: Ẹ̀yin Ọmọ Ìjerò, oko ò léwu púpọ̀ torí atẹ́gùn ń fẹ́. Yàrá tí wọ́n ti fèrèsé ẹ̀ tí èèyàn mọ́kànlá ń mí sí ara wọn lójú fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn ni ibi tí àìsàn ń fẹ́. Èkìtì yìí náà ti ní kòrónà láti oṣù kẹta 2020, kò yọ wá sílẹ̀.

Fún Màámi: ẹ di ìbòmú mẹ́ta sí nylon fún wọn, ó ní ìdí, ìbòmú tó bá ti tutù ò wúlò mọ́, òjò ni ẹ ń sá fún. Sanitizer tí ọtí inú ẹ̀ tó 60 nínú 100 ni kí ẹ rà, tí kò bá sí, ọṣẹ àti omi dára. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kó wà nínú báàgì yẹn, pẹ̀lú káàdì ọsibítù wọn. Mo ti rí àgbàlagbà tí ìjì ò ṣe ní nǹkan kan tí oògùn tó rin sínú omi ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ibikíbi tí wọ́n bá sá sí, ẹ fi wọ́n sí ẹ̀bá fèrèsé, kí àlàfo tó mítà méjì wà láàárín wọn àtẹni tí kì í ṣe ará ilé wọn, bí òjò bá ti dá, ẹ ṣí fèrèsé kíá. Ẹ se omi kànga kó hó kí wọ́n tó mu ún lẹ́yìn ìjì, àgbàrá ti kó ìdọ̀tí wọ inú ẹ̀. Tí ara bá gbóná, ẹ má fi ọkàn mú un pé ibà lásán ni, ẹ má sì fi ọkàn mú un pé kòrónà ni, àyẹ̀wò ló máa sọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà bíi mílíọ̀nù 4 dé Nàìjíríà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta 2021, àwa òṣìṣẹ́ ìlera la kọ́kọ́ gbà á, àwọn àgbà ló kàn lẹ́yìn wa, ẹ má jẹ́ kó fò wọ́n.

Tìṣà Ìkọ̀lé: Ohun tí ó ṣiṣẹ́ ládùúgbò wa nìyí. A pín ilé sí méjì méjì. Ilé A mọ̀ pé ilé B ni òun ń sá lọ, B mọ̀ pé A ni, kò sẹ́ni tó máa kàn sáré wọ ibi tó bá rí. A sọ ọ́ lójú mọmọ, àwọn ọmọdé náà mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ bá baálẹ̀ àti ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín pẹ̀lú, kí wọ́n fún yín ní kọ́kọ́rọ́ kíláàsì, ìdílé kan sí kíláàsì kan bí ẹni Houston ṣe wí. Àmọ́ ẹ gbójú sókè wo òrùlé ilé ìwé náà kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, òrùlé ilé ìwé púpọ̀ ni ìjì máa ń kọ́kọ́ gbé.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tùn: Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ Màámi ni mo fẹ́ sọ. Má sọ fún wọn pé kí wọ́n kúrò nílé ọkọ wọn, ìwọ náà gbọ́ bó ṣe ń dún létí opó. Sọ pé o fẹ́ kí wọ́n wá bá ọ bó ẹ̀gúsí, pé ọmọ rẹ ń béèrè wọn, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Jẹ́ kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé sọ́wọ́ ara wọn, kí wọ́n mú ìkòkò wọn dání. Èmi fúnra mi kọ̀ fáwọn ọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà, ohun tó mú mi gbà ni pé ọmọ mi ọkùnrin sùn nílé mi fún ọjọ́ méjì, ó bá mi so òrùlé náà, ó ní kò sí ẹni tó ń gba ilé lọ́wọ́ mi. Ara mi balẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo ń kà á. Mo pe Màámi lálẹ́ àná. Mo ní mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú káfíńtà, pé a fẹ́ so òrùlé Bàbá kó má lọ mọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ṣé èmi náà máa sùn níbẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n ra epo bọ̀. Mi ò tíì dárúkọ Ìkéré rárá, ti ẹ̀gúsí yẹn máa tẹ̀lé e. Ìdílé tó wà lójúkojú wọn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nípa sísá sílé ara wa, ilé tiwọn ní yàrá mẹ́rin, bíríkì ni. Káfíńtà Adó, ògiri tiwa nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, ṣé wáyà tẹ́ ẹ sọ yẹn á gùn tó, kí n mọ iye tí mo máa rà kí ọjà Ọjọ́bọ̀ tó kọjá?

Káfíńtà Adó: Á tó. Ẹ wọn gígùn ògiri yí ilé ká, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin pín in, iye tó bá jáde ni iye ìso. Ẹ wọn wáyà tó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá fún ìso kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ra díẹ̀ lé e.