Kí la ó kọ sókè kàlẹ́ńdà oṣù Ògún: àjọ̀dún, àyájọ́ tàbí ìpé ọdún?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi nídìí iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ lórí ìbéèrè àbúrò wa tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Fún ẹni tí kò tíì rí i: ó ń ṣe kàlẹ́ńdà tí yóò gbé kọ́ ara ògiri kíláàsì rẹ̀. Ó kó àwọn ọjọ́ ńlá inú oṣù kẹjọ jọ sójú ìwé kan, ó sì kọ "Àwọn Àjọ̀dún Inú Oṣù Ògún" sókè rẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kò gba gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Sábẹ̀ẹ́ ní kó fi "àyájọ́" rọ́pò rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Bàbá wa ní Kétu fèsì pé ọfọ̀ ni àyájọ́, kò yẹ lára ògiri kíláàsì. Ẹnì kẹta ní kí a jẹ́ kí Faransé tí gbogbo ìgboro ń sọ dúró, pé "anifẹsẹ́ẹ̀" (anniversaire, ọ̀rọ̀ wọn fún ọjọ́ ìbí àti ìpé ọdún) ti di tiwa.

Èmi gbà pé àbúrò wa rí nǹkan kan tí àwa tá a ti ń kọ Yorùbá tipẹ́ kò kíyè sí. Ẹ jẹ́ ká wo ojú ìwé náà.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni Hubert Maga, olórí ìjọba, kéde òmìnira Dàhọ̀mì, tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, níbí, ní Porto-Novo. Ọjọ́ kẹta, ó kan Niger. Ọjọ́ karùn-ún, Haute-Volta. Ọjọ́ keje, Côte d'Ivoire. Ọjọ́ kọkànlá, Chad. Ọjọ́ kẹtàlá, Centrafrique. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Kóńgò ti Brazzaville. Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Gabon. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ kúrò lábẹ́ Faransé nínú oṣù kan náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń tú ewúrẹ́ kúrò lórí ìso. Ibi tí "àjọ̀dún" ti bá a mu nìyí. Àjọ wà nínú ọ̀rọ̀ náà: àwọn ènìyàn péjọ, wọ́n sè, wọ́n lùlù, wọ́n jó.

Ṣùgbọ́n àbúrò wa kò dúró síbẹ̀. Ó kọ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, ọjọ́ tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ogun wọn dúró lójú omi tó sì kọjú ìbọn sí ìlú. Ó tún kọ ọjọ́ kẹtàlélógún, tí UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ìrántí òwò ẹrú àti òpin rẹ̀, nítorí pé òru ọjọ́ kejìlélógún mọ́ ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1791 ni àwọn ẹrú Saint-Domingue, ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso nígbà náà, dìde sí àwọn tó kó wọn lẹ́rú. Inú ọ̀tẹ̀ yẹn ni orílẹ̀-èdè Haiti ti jáde ní 1804.

Ta ni yóò sè fún ọjọ́ kẹfà? Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́ ọ: "àjọ̀dún ìgbà tí a gba Èkó lọ́wọ́ ọba rẹ̀." Ẹnu kọ̀ ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ yọ àbúrò wa lẹ́nu nìyẹn, ó sì jàre.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí àyájọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n wa ní Sábẹ̀ẹ́ kò ṣì í sọ. Rédíò àti ìwé ìròyìn ní Nàìjíríà ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́: àyájọ́ ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, àyájọ́ ọjọ́ èdè abínibí. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ní Ìmẹ̀kọ tàbí ní Ìlárá yóò gbọ́ ọ, yóò sì yé e. Bàbá wa ní Kétu náà kò ṣì í sọ. Ẹ̀yà kan ni àyájọ́ láàárín ọfọ̀, ó sì ní ìwà tirẹ̀. Ọfọ̀ mìíràn lè pa àṣẹ lásán, tàbí kó dárúkọ ewé àti ẹranko kó sì fi wọ́n ṣe ẹ̀rí. Àyájọ́ máa ń sọ ìtàn. Ó máa ń mú wa padà sí ọjọ́ àkọ́kọ́: báyìí ni lágbájá ṣe nígbà ìwáṣẹ̀, báyìí ló rí fún un, báyìí náà ni kó rí fún mi lónìí.

Mo ti ń ro èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ti wá dá mi lójú pé àyájọ́ méjèèjì kò jìnnà síra. Ẹni tó ń ké àyájọ́ àti ẹni tó ń ṣe àyájọ́ ọjọ́ òmìnira, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń pe ọjọ́ tó ti lọ padà. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì, mo kàn ń sọ ohun tí etí mi gbọ́ nínú wọn. Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù bàbá wa ní ìdí. Ohun tí a bá ké àyájọ́ rẹ̀, a fẹ́ kó tún ṣẹ ni. Kétu tí bàbá ti ń kọ̀wé sí wa, ọdún 1886 ni àwọn ọmọ ogun ìjọba Dàhọ̀mì àtijọ́ fọ́ ọ lábẹ́ ọba wọn, Glele, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn tó kù lẹ́rú. Akaba Idẹna, ẹnubodè ìlú náà, ṣì dúró níbẹ̀ títí dòní, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ńlá rẹ̀. Ọmọ Kétu wo ni yóò ní òun ń ṣe àyájọ́ 1886? Ta ni yóò pe ọjọ́ yẹn padà?

Nítorí náà, ìdájọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí a fi àyájọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ tí a bá fẹ́ kó tún padà wá bá wa. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ó yẹ ẹ́. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì, ọjọ́ èdè abínibí, ó yẹ ẹ́. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, rárá. Ní ti ọjọ́ kẹtàlélógún, ọwọ́ mi ń wárìrì díẹ̀. Ẹkún wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́gun sì wà nínú rẹ̀. Níbí ní Àjàṣẹ́, àwọn ìdílé Àgùdà tí bàbá ńlá wọn padà dé láti Brazil wà láàárín wa, a sì ń jọ kí ara wa láràárọ̀. Lójú tiwọn, òpin òwò ẹrú jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdílé. "Ọjọ́ ìrántí" ni mo fi sí i, nítorí ìrántí gba ẹkún, ó sì gba orin.

Ẹ gbà mí láyè kí n yà díẹ̀ nítorí Kétu. Nínú kàlẹ́ńdà, àbúrò wa kọ "òmìnira orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, 1960". Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yí i padà. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1960. Dàhọ̀mì ló gba òmìnira. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni orúkọ náà yí padà, nígbà ìjọba Kérékou, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì fi ṣe ọjọ́ orílẹ̀-èdè títí ìgbà tí Àpérò gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà ti oṣù kejì ọdún 1990 fi yí ìjọba padà, tí ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ sì padà sí ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Haute-Volta: ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1984 ló di Burkina Faso, ìyẹn náà sì tún bọ́ sínú oṣù Ògún. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọmọ Kétu tó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, orúkọ ìjọba tó fọ́ ìlú bàbá rẹ̀ ni orílẹ̀-èdè rẹ̀ tuntun ń jẹ́. Ó jó, inú rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n orúkọ náà wà lórí ìwé rẹ̀. Bí a bá kọ Bẹ̀nẹ̀ síbẹ̀, a ti nu ìyẹn nù lójú akẹ́kọ̀ọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí yóò dúró sókè ojú ìwé, tó máa gba ayọ̀ àti ìbànújẹ́ pọ̀ láì gbè sẹ́yìn ọ̀kan. Ohun tí mo mú wá ni "ìpé ọdún". Ẹnu gbogbo wa ni mo ti mú un: "Ó pé ọdún mẹ́ta lónìí tí ìyá wa lọ." "Ó pé ọdún kan tí wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn." Ìyá aláta ní ọjà Wàǹdó ń sọ ọ́. Kò sí ayọ̀ nínú "pé", kò sì sí ẹkún nínú rẹ̀. Ọjọ́ ti yí po, ó ti kún, ìyẹn nìkan ló ń sọ.

Àǹfààní rẹ̀ kejì ni ti kíka iye ọdún, èmi sì mọ ìyà tí àìmọ̀ ọ́n ti fi jẹ ilé wa. Bàbá mi kú ní 2009. Ní 2018, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Kétu pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ọdún kẹwàá ẹ̀gbọ́n mi dé, n kò sì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu yín." Ọdún tó ń bọ̀ la fẹ́ ṣe é. Bàbá kékeré ka ọdún ikú mọ́ ọn, àwa kò kà á mọ́ ọn. Ó gbà pé a ti gbàgbé bàbá wa, ó sì bínú gidigidi. Àwa mẹ́ta la lọ dọ̀bálẹ̀ fún un ní Kétu kó tó gbọ́ tiwa.

Bàbá kékeré kò ṣìrò. Bí Yorùbá ti ń ka ọjọ́ ló ṣe kà á. Òní ni oókan, àná ni èjì, ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni ìjẹta: ẹ gbọ́ ẹ̀ta nínú rẹ̀. Ọjọ́ tó tún ṣáájú ìyẹn ni ìjẹrin. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni à ń ná ọjà ọrún, síbẹ̀ àrún ló wà nínú orúkọ rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí a ná an a máa wọ inú kíkà. Ìtàdógún náà bẹ́ẹ̀: ẹ gbọ́ ẹ̀tàdínlógún nínú rẹ̀. Ẹ tún wo oṣù Ògún 1960: láti ọjọ́ kìíní tí Dàhọ̀mì gba òmìnira dé ọjọ́ kẹtàdínlógún tó kan Gabon, ìtàdógún kan géérégé ni. Faransé tí ẹ̀yin kan fẹ́ ká yá lò náà ń kà bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu: "huit jours", ọjọ́ mẹ́jọ, ni wọ́n ń pe ọ̀sẹ̀ kan, "quinze jours", ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni wọ́n ń pe ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà, bí ènìyàn bá kọ "ọdún kọkànlélọ́gọ́ta òmìnira" fún 2020, kò ṣì í kọ, ẹni tó kọ "ọgọ́ta" náà kò sì ṣì í. Ìjà ni wọn yóò máa jà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní "òmìnira pé ọgọ́ta ọdún ní 2020, ó sì wọ ọdún kọkànlélọ́gọ́ta", kò sí ẹni tí yóò jiyàn mọ́. "Pé" àti "wọ" ti pín in.

Ọ̀rẹ́ kan tí mo fi èyí hàn bi mí bóyá kí a sún un kì, kí a kọ "ìpọ́dún" bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Mo rò ó, mo sì kọ̀. Etí tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ìpọ́- yóò ti ń retí ìpọ́njú. Ẹ jẹ́ kó dúró ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, kí ẹnu sún un kì fúnra rẹ̀.

Ní ti anifẹsẹ́ẹ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Kéèkì ọmọdé ló ń tẹ̀ lé e nígboro wa, ẹ sì jẹ́ kó máa tẹ̀ lé kéèkì.

Ní báyìí, bí mo ṣe rò pé kí ojú ìwé náà rí ni kí àkọlé òkè jẹ́ "Ohun Tó Pé Ọdún Nínú Oṣù Ògún", torí ọ̀rọ̀ ìṣe máa ń dùn lẹ́nu Yorùbá ju orúkọ lọ. Kí "àyájọ́ òmìnira" wà níwájú ọjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, kí "ọjọ́ ìrántí" wà níwájú ọjọ́ kẹtàlélógún. Níwájú ọjọ́ kẹfà, mo kọ "ìpé ọdún tí Èkó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì". "Bọ́ sọ́wọ́" kò tẹ́ mi lọ́rùn tó, nítorí ó dà bí ẹni pé ìlú náà já bọ́ fúnra rẹ̀. "Fi fún" sì ń purọ́, nítorí ìbọn wà lójú omi. Bàbá wa ní Kétu, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ wo ni àwọn àgbà yín ń lò fún ìlú tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọba rẹ̀ láì jagun? Ọjọ́ Ẹtì ni àbúrò wa fẹ́ gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Mo ti ní kó fi ìlà yẹn sílẹ̀ títí yóò fi gbọ́ tiyín.