Láti ìdí ẹja ní Olúwo dé ìdí fóònù: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Olúwo, Ẹ̀pẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lókè òkun. Físà mi ti jáde. Ọkọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ń lọ bá. Iṣẹ́ customer service, ìyẹn dídá oníbàárà lóhùn, ló wù mí, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ìbáà jẹ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti jáde ilé ìwé, ìdí ẹja ìyá mi ní ọjà Olúwo ni mo wà. Mi ò jókòó ní ọ́fíìsì rí. Kí ni kí n kọ sínú CV, ìwé tí a fi ń wáṣẹ́?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Àbúrò mi, o kú oríire. Má ka ọdún mẹ́sàn-án yẹn sí òfo. Ọdún keje mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì ti wà lára àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tuntun lẹ́nu wò. Ohun tí à ń wò ni bóyá èèyàn lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tínú ń bí, kó sì wá nǹkan ṣe sí i. Ìgbà wo ni oníbàárà gbé ẹja padà wá bá ọ? Kí lo ṣe? Ibo ló já sí? Bí wọ́n ṣe máa bi ọ́ nìyẹn, STAR ni wọ́n ń pè é: Situation (ohun tó ṣẹlẹ̀), Task (ohun tó yẹ kí o ṣe), Action (ohun tí o ṣe), Result (ibi tó já sí).

Nínú CV, má kọ "mo ta ẹja" kí o dákẹ́. Kọ iye èèyàn tí o ń dá lóhùn lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ilé oúnjẹ tí ẹ ń kó ẹja fún, pé ìwọ lo ń ṣírò owó. Òótọ́ ni kí o kọ o. Má fi fọ́tò, ọjọ́ ìbí tàbí ẹ̀sìn sí i, ojú ìwé méjì sì ti tó.

Ọmọ Olúwo: Ẹ̀gbọ́n mi, mo rántí ọ̀kan. Ìyá kan gbé àrọ̀ yíyan padà wá, ó ní ìdin ti wà nínú rẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo ṣe èènì, mo gba nọ́ńbà rẹ̀, mo sì pè é lọ́jọ́ kejì. Ó ṣì ń rajà lọ́wọ́ wa.

Ìyá Ìbejì: Ìtàn náà nìyẹn! Pípè tí o pè é lọ́jọ́ kejì, má gbàgbé láti sọ ọ́.

Àlàájì Pópó-Ọba, Birmingham: Ti ìwé ni tèmi. Tí o bá dé, gba share code lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba ibí. Òun ni wàá fún agbanisíṣẹ́ kó lè rí i pé o lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni, W ló ń bẹ̀rẹ̀ èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́, 90 ọjọ́ ló sì ń lò. Béèrè fún National Insurance number, nọ́ńbà tí ìjọba fi ń tọpa owó orí rẹ, níbẹ̀ náà. O lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó dé. Má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun fẹ́ bá ọ wáṣẹ́. Mo san án lọ́dún tí mo dé. N kò ríṣẹ́, n kò sì rí ẹni náà mọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọmọ Olúwo: Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ohùn mi ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé wọ́n á gbọ́ mi lórí fóònù?

Ìyá Ìbejì: Wọ́n á gbọ́ ọ. Má yí ohùn padà, ṣáà rọra máa sọ̀rọ̀. Kọ́ Alpha, Bravo, Charlie dé Zulu, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe lẹ́tà A, B, C dé Z lórí fóònù, kó yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu, torí B àti P, M àti N máa ń jọra létí, gbogbo ìgbà ni wàá sì máa sípẹ́lì orúkọ àti postcode, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà àdírẹ́sì.

Èyí tó nira fún mi jù ni àṣírí oníbàárà. Màmá àgbàlagbà kan pè, ó fẹ́ mọ gbèsè tó wà lọ́rùn ọmọ rẹ̀. Nílé wa, ta ni yóò sọ pé ìyá ò lẹ́tọ̀ọ́? Níbí, ẹni tó ni àkáǹtì nìkan ni wàá bá sọ ọ́. Mo fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́.

Ará ibí kì í sábà pariwo. Ẹni tó ní "I'm a bit disappointed" (ó dùn mí díẹ̀), inú ń bí i gan-an ni. Ní Olúwo, ẹni tínú ń bí á ju ẹja sílẹ̀, gbogbo ìsọ̀ á mọ̀. Níbí, etí lo máa fi wá a.

Bọ̀dá Àgbọ̀wà, Leeds: Láti oṣù kẹsàn-án ni àwọn ṣọ́ọ̀bù ti ń wá èèyàn fún Kérésì. Ibẹ̀ ni mo gbà wọlé. Nígbà tó parí, wọ́n ní kí n dúró. Bi wọ́n léèrè wákàtí tí wọ́n ṣèlérí lọ́sẹ̀ kí o tó fọwọ́ síwèé.

Ìyá Ìbejì: Ní Àìkú, agogo mẹ́jọ alẹ́, mò ń pè ọ́. Èmi ni oníbàárà, inú á sì máa bí mi. Mú bíírò sọ́wọ́.

Ọmọ Olúwo: Mo ti wà ní Foxtrot, mà. Kó tó di Àìkú, màá ti dé Zulu.