PDF ètò ìsìnkú bàbá: mo kọ́pì oríkì, wúruwùru ló jáde

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn àbúrò mi fi ìwé ètò ìsìnkú bàbá wa ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, PDF ni. Mo fẹ́ kọ́pì oríkì inú rẹ̀, torí èmi ni màá kà á níbí lọ́jọ́ Sátidé. Ní ojú ìwé kìíní, gbogbo ibi tí "ọ" wà ló di àmì ìbéèrè, "ṣ" di àmì dọ́là. Ojú ìwé kejì ò tiẹ̀ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kankan. Chrome ni mo fi ṣí i.

Bọ̀dá Houston: Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà. Ẹ̀yìn bàbá á dára. Ẹ fi Firefox ṣí i wò.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Toronto: Ẹ̀gbọ́n, kò ní yàtọ̀, sà. Láti 2013 ni Firefox ti ń ṣí PDF fúnra rẹ̀, àmọ́ ohun tó wà nínú fáìlì náà ni gbogbo wọn jọ ń kà.

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Fọ́tò ni ojú ìwé kejì yẹn, kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sórí Google Drive lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sí "Open with", ẹ mú Google Docs. Á bá yín ka àwòrán náà di ọ̀rọ̀. Ẹ má fọkàn tán an lórí àmì ohùn ṣá, ó lè sọ "ọkọ̀" di "oko".

Fóǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ló fa ti ojú ìwé kìíní. Kí Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, tó gbilẹ̀, àwọn tó ń ṣe fóǹtì Yorùbá máa ń ya "ọ" sí àyè àmì mìíràn. Ojú wa ń rí "ọ", kọ̀ǹpútà ń rí "?". PDF gbé fóǹtì yẹn dání, ló ṣe ń hàn dáadáa níbẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà síbòmíràn báyìí, aṣọ bọ́ lára ẹ̀.

Ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Google Docs, ẹ tẹ Ctrl+H, kẹ́ ẹ fi "ọ" rọ́pò "?", kẹ́ ẹ fi "ṣ" rọ́pò "$". Tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá ṣì ní fáìlì Word, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ inú fóǹtì kan náà ló máa wà o.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ó ṣe é ṣe! Ẹ ṣeun gan-an, àbúrò. Àmọ́ àmì ìbéèrè gidi náà ti bá a lọ. Mo ń kà á sókè, mo bá "Ta ló dà bí bàbá miọ" pàdé.

Bọ̀dá Houston: 😂 Ẹ má kà á bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé o, mà.