"Gbẹ" kọ́ ni rẹ́sìn ń ṣe: lórí ìwé àtúnṣe òrùlé ọkọ̀-ilé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé nípa àtúnṣe òrùlé fáíbà (fọ́nrán dígí tí rẹ́sìn ti mú le) lórí ọkọ̀-ilé tó ti pẹ́ bi wá léèrè àwọn ọ̀rọ̀ kan, "fáíbà" àti "òwú dígí" nìkan la sì ń jà lé lórí látìgbà náà. Lójú tèmi, ìyẹn kò tó ìjà. Fáíbà ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń pè é. Ó ti wọ èdè wa. Ẹ jẹ́ ká fi "òwú dígí" pe ohun tí à ń lò kí rẹ́sìn, ohun olómi tó ń le tí a fi ń rẹ ẹ́, tó kàn án.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi, "ẹní dígí" tí ẹ kọ yẹn ni mi ò lè gbà. Ẹní, hínhun ni à ń hun ún. Èyí tí ìwé ń sọ kò ní ìhun kankan: fọ́nrán kúkúrú ni wọ́n dà wúruwùru, tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ díẹ̀ so pọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ "òwú dígí"; èyí tí wọ́n hun ni kí a pè ní "aṣọ dígí". Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Rẹ́sìn polyester máa ń yọ́ lẹ́ẹ̀ inú òwú yẹn, òwú á wá rọ̀, á sì tẹ̀ lé igun òrùlé. Epoxy, oríṣi rẹ́sìn mìíràn, kì í sábà yọ́ ọ. Bí ìwé bá da orúkọ méjèèjì pọ̀, ẹni tó ń fi epoxy ṣiṣẹ́ á ra òwú, òwú á sì takú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èyí tó ká mi lára jù ni "jẹ́ kó gbẹ", tó kún inú ìwé náà. Ọ̀dà ló ń gbẹ: ohun olómi inú rẹ̀ bá afẹ́fẹ́ lọ, ìyókù dúró. Rẹ́sìn kì í gbẹ. Èròjà tí a pò mọ́ ọn ló ń yí i padà, ó sì máa ń gbóná bó ti ń yí padà. Bó bá pọ̀ nínú ike, ó lè yọ èéfín. Ẹ tún wò ó: polyester tí kò ní ìda nínú lè ti le délẹ̀ kí ojú rẹ̀ ṣì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, nítorí atẹ́gùn kò jẹ́ kí òkè yẹn parí iṣẹ́. Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé kó dúró kó gbẹ, títí ló máa dúró.

Mo dábàá ọ̀rọ̀ méjì. "Dì": kò ṣàn mọ́, búrọ́ọ̀ṣì ti ń fà á, ẹ fi í sílẹ̀. "Le": èékánná kò wọ̀ ọ́ mọ́; ẹ lè fi sánpépà yún un. Ẹnìkan á ní ṣebí a ń sọ pé sìmẹ́ńtì gbẹ, bíríkìlà kò sì ṣìnà, omi ló tún ń wọ́n sí i kó lè le. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bíríkìlà ní ọ̀gá tó kọ́ ọ. Ẹni tó ń ka ìwé yìí lórí àkàbà kò ní. Kìkì pé ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ àmì ohùn kúrò, torí "dí" (ihò) àti "dì" wà nínú gbólóhùn kan náà níbi púpọ̀.

"Bó" tí ẹ lò fún fáíbà tó kúrò lára pákó abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ohun tó bó, ojú rí i. Èyí, òkè rẹ̀ lè jọ̀lọ̀ kedere, kí omi ti ba pákó jẹ́ lábẹ́. Ẹ kọ "tú": fáíbà ti tú lára pákó. Ẹ fi ìka kàn án, ibi tó ti tú á dún bí agbè òfìfo.

"Yọ ẹfun" fún ojú fáíbà tí oòrùn ti jẹ, tó ń fi lẹ́búlẹ́bú funfun sí ni lọ́wọ́, dára púpọ̀. Ẹ má yí i padà.

Ó ku etí ihò tí a ń fá kó máa tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po 12 nínípọn fáíbà náà, kí àbùlẹ̀ lè rí ibi dì mú. "Fá a fẹ́lẹ́" ni mo rí, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ló ní èyí tó sàn jù?