Iṣẹ́ wáyà orí ògiri, háítẹ́ńṣọ̀n lókè: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Oníwáyà Ìgbóńà:

Ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́ o. Iṣẹ́ wáyà orí ògiri ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí. Tí bíríkìlà bá mọ fẹ́ǹsì tán, àwa la máa gbé irin áńgù sórí rẹ̀, tí a ó sì fa wáyà yí i ká: ẹlẹ́gùn-ún ni o, résọ̀ tó ní abẹ lára ni o, tàbí èyí tí iná ń gba inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọgbà adìẹ tàbí ibi tí wọ́n ń sin ẹja, òpó irin la máa rì, tí a ó ta nẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn.

Iṣẹ́ kan wá délẹ̀ lápá ọ̀nà Ìkirun. Alágbà kan ló ni ilẹ̀, owó tó dá lé e ò burú. Ṣùgbọ́n wáyà háítẹ́ńṣọ̀n gba òkè ògiri ẹ̀yìnkùlé kọjá, èyí tó ń lọ sí tiransífọ́mà àdúgbò. Tí mo bá dúró lórí ògiri yẹn, tí mo gbé irin nàró, kò ní jìnnà sí i rárá. Mo sọ fún bàbá, wọ́n ní, "Ṣé mo ní kí ẹ fọwọ́ kàn án ni? Àwọn tó ṣe ti aládùúgbò mi, kí ló ṣe wọ́n?" Wọ́n tún ní tí n ò bá ṣe é, àwọn á pe ẹlòmíràn.

Mo ní àwọn ọmọ iṣẹ́. Ìyá èyí tó kéré jù nínú wọn ló fà á lé mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Báwo ló ṣe yẹ ká jìnnà tó sí wáyà yẹn? Irú ìbọ̀wọ́ wo lẹ̀ ń lò fún résọ̀? Àwọn tí mò ń rà, bí ẹni ń ya bébà ni résọ̀ ń ya wọ́n. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fara pa, ta ló ni owó ọsibítù: èmi ni àbí bàbá tó ni ilé?

Bàbá Oníná:

Ọmọ mi, má gun ògiri yẹn. Iṣẹ́ wáyà iná ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti bá wọn gbé òkú ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan sọ̀kalẹ̀.

Wáyà tó ń lọ sí tiransífọ́mà àdúgbò, fóòtì 11,000 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, òmíràn 33,000 (fóòtì la fi ń wọn agbára iná). Èyí tó ń wọ ilé rẹ kò ju bíi 240 lọ. Ìhòòhò sì ni wáyà yẹn wà, kò sí rọ́bà lára rẹ̀, bó ti wù kó dúdú tó lójú yín. Kò dúró de kí irin kàn án kó tó ṣiṣẹ́ ibi. Tí irin bá ti súnmọ́ ọn jù, afẹ́fẹ́ àárín wọn ni iná máa gbà fò. Ní Amẹ́ríkà, òfin wọn ni pé ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 10, ìyẹn bíi mítà 3, jìnnà sí wáyà tí iná inú rẹ̀ kò ju 50,000 fóòtì lọ. Kì í ṣe orí rẹ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n o. Láti ṣóńṣó irin tó wà lọ́wọ́ rẹ ni. Àkàbà alumíníọ̀mù náà irin ni. Pákó tí òjò bá sì ti pa, má fọkàn tán an.

Résọ̀ tiẹ̀ tún burú jùyẹn lọ, nítorí kíká ló ń bọ̀. Ẹ bá já ohun tí wọ́n fi dì í báyìí, ó máa ta sókè bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ẹ ò sì lè sọ ibi tí ẹnu rẹ̀ máa balẹ̀ sí. Tó bá lọ kan wáyà lókè, gbogbo ẹni tó dì í mú, títí dórí ọmọ tó ń fà á bọ̀ láti ìdí géètì, ló máa gbà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kì í fẹ́ gbọ́. "NẸ́PÀ ti mú iná lọ" kò túmọ̀ sí pé wáyà ti kú. Wọ́n lè dá a padà nígbàkígbà, wọn ò mọ̀ pé o wà lókè. Ẹnì kan ládùúgbò sì lè tan jẹnẹrétọ̀ láì yí ṣéńjìófà tó ń yà á kúrò lára iná NẸ́PÀ, kí iná rẹ̀ gba inú tiransífọ́mà padà sẹ́yìn, kó sì di 11,000 lórí wáyà tí o rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Lẹ́tà ni kí bàbá tó ni ilẹ̀ kọ sí ọ́fíìsì IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa níbí. Kí wọ́n fún yín ní ọjọ́ àti wákàtí, kí òṣìṣẹ́ wọn wá pa á, kó sì so wáyà náà mọ́lẹ̀ níṣojú yín, ìyẹn ni pé kó fi wáyà mìíràn so ó pọ̀ mọ́ inú ilẹ̀, kí iná tó bá ṣèèṣì wọ̀ ọ́ lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Ìlú tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà nìyí, inú ìlú yìí náà la ti ń gbé irin nàró sábẹ́ háítẹ́ńṣọ̀n.

Ọmọ Òròkí:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba iṣẹ́ yín jàre. Ẹ fi ajá bọ Ògún, kí ẹ gùn ún. Tẹ́ ò bá gbà á, ẹlòmíì á gbà á.

Bàbá Oníná:

Ògún ló ni irin, Ṣàngó ló ni iná. Èwo nínú àwọn méjèèjì lo fẹ́ bẹ̀? Ṣàngó ni Ben Enwonwu gbẹ́ síwájú ilé iṣẹ́ iná ní Marina l'Ékòó lọ́dún 1964, kì í ṣe Ògún.

Ọmọ Òròkí:

Hahaha! Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ọ̀gá Résọ̀, Ẹdẹ:

Bọ̀dá, ẹ yé ra ìbọ̀wọ́ aláṣọ. Ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn táwọn wẹ́dà ń lò, èyí tó gùn dé ìgúnpá, ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ máa rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò wẹ́dà. Ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn àti sòkòtò jíǹsì, kì í ṣe ṣọ́ọ̀tì. Gọ́gùsì ojú ńkọ́? Ibi tí mo rí ewu jù sí nìyẹn. Tí ẹ bá ń fi píláyà gé wáyà tó ti le dan-in, ẹnu rẹ̀ máa ń ta padà, ojú ló sì máa ń wá. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ má dojú kọ ọ́, kí ẹlòmíràn sì fi ẹsẹ̀ tàbí irin tẹ apá kejì mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ tú résọ̀, ẹnì kan di ẹnu rẹ̀ mú, ẹnì kejì máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Kò sí pé à ń kánjú.

Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un nípa wáyà oníná. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti so ó mọ́ iná NẸ́PÀ ní tààrà nítorí wọn ò fẹ́ ra maṣín-ìn rẹ̀. Ìpànìyàn nìyẹn. Maṣín-ìn tó tọ́, fìrì ló ń ta iná jáde, bíi ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá, kó lè dunni kó má sì pani. Iná 240 kì í ṣíwọ́, ó máa di ènìyàn mú ni. Tí kọsítọ́mà bá ní kí ẹ so ó bẹ́ẹ̀, ẹ kó irin iṣẹ́ yín.

Bíríkìlà Sábó:

Mo gbọ́ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ògiri ọ̀hún ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n mọ ọ́n? Ẹlòmíì á sáré mọ búlọ́ọ̀kù láti ilẹ̀ dókè lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀ kò tíì gbẹ. Bíi kóòsì (ìlà búlọ́ọ̀kù) 5 tàbí 6 ló yẹ kéèyàn dúró sí lójúmọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé àkàbà ti irú ògiri tútù bẹ́ẹ̀, àgàgà lásìkò òjò tí atẹ́gùn ń jà. Ẹ wo àwọn pílà rẹ̀ pẹ̀lú. Tí ẹ bá ń gbẹ́ orí búlọ́ọ̀kù láti ri irin áńgù bọ̀ ọ́, tí kò sí kọnkéré lórí ògiri, irin yẹn máa yẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fa wáyà le.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà:

Ẹ forí jì mí, mo fẹ́ sọ ti ọgbẹ́. Wọ́n ń gbé wọn wá bá wa pẹ̀lú epo ẹńjìnnì tàbí omi bátìrì lórí ojú ọgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́! Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dúró. Tí ìka bá kú tipiri tàbí tí kò ṣeé ká mọ́, ẹ má dúró sílé, iṣan lè ti gé. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ni kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ti gbà kí ọgbẹ́ tó dé. Ẹni tó ti gbà á pé, lẹ́yìn ọdún 10 ni kó tún un gbà. Tí ọgbẹ́ bá dọ̀tí, tó sì ti lé ní ọdún 5, ká tún fún un ni. Sìmẹ́ńtì tútù náà ń jó ara. Ó lè má dùn yín títí di alẹ́, nítorí náà ẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Tí háítẹ́ńṣọ̀n bá gbé èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má súnmọ́ ọn títí ilé iṣẹ́ iná yóò fi pa á. Tí iná ilé bá gbé èèyàn, tó dìde tó ní kò ṣe òun ní nǹkan kan, ẹ ṣì gbé e wá. Ọkàn rẹ̀ la fẹ́ gbọ́.

Agbẹjọ́rò Òṣìṣẹ́:

Ẹ̀yin lẹ ni owó ọsibítù o, ẹ̀gbọ́n. Òfin tó wà fún owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́, ti ọdún 2010, ka ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, tí àwọn náà á fi máa tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó fara pa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Tí ẹ ò bá forúkọ sílẹ̀, àpò yín ló máa jáde. "Ìyá rẹ̀ fà á lé mi lọ́wọ́" kò yọ yín.

Oníwáyà Ìgbóńà:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo padà sọ́dọ̀ bàbá. Mo ní iwájú àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lèmi á ṣe báyìí, ẹ̀yìn di ìgbà tí IBEDC bá wá pa iná. Wọ́n kọ́kọ́ bínú. Ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn ló bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí wọ́n fi rọ̀. Wọ́n ti fi lẹ́tà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Owó ìbọ̀wọ́ àti gọ́gùsì, mo ti fi kún iye iṣẹ́, n ò dárúkọ rẹ̀. Ti NSITF ni mo ń ronú lé lórí.

Bàbá Oníná:

O ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún ọ, gba ìwé lọ́wọ́ wọn, kí o sì fojú ara rẹ rí i pé wọ́n ti so wáyà mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gun àkàbà. Tí wọ́n bá ní aago 4 làwọn máa dá iná padà, aago 3 ni kí gbogbo yín ti sọ̀kalẹ̀, kí o ka àwọn ọmọ yẹn níkọ̀ọ̀kan.