Ìṣẹ̀dá kọ́ ni Natura tí Spinoza ń wí

Mo ti fara balẹ̀ ka àbá tí ó wà níwájú wa lórí bí a ó ṣe túmọ̀ mẹ́ta nínú àwọn kókó ọ̀rọ̀ inú Ethics sí èdè Yorùbá, ìyẹn ìwé tí Baruch Spinoza, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ọmọ ilẹ̀ Netherlands, fi èdè Látìn kọ: pé kí Deus sive Natura di "Ọlọ́run tàbí Ìṣẹ̀dá", kí beatitudo di "ìbùkún", kí libertas sì di "òmìnira, ìyẹn ṣíṣe ohun tí ó wu ẹni". Mo mọ iṣẹ́ tí ó wà nínú irú àbá bẹ́ẹ̀, mo sì kan sáárá sí ẹni tí ó gbé e wá. Ṣùgbọ́n ohun tí Spinoza ti ilẹ̀kùn mọ́ síta ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń gba ẹ̀yìnkùlé mú wọlé.

Kò sí ìṣẹ̀dá láìsí Aṣẹ̀dá. Bí Yorùbá bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹnì kan ti wà níbì kan tí ó dúró lọ́tọ̀ sí ohun tí ó dá, bí Ọbàtálá ṣe dúró lọ́tọ̀ sí amọ̀ tí ó fi ń mọ ènìyàn. Ohun tí Spinoza kọ̀ gan-an nìyẹn. Lójú tirẹ̀, Ọlọ́run kò jókòó síta ayé kí ó tó pinnu láti dá a. Inú Ọlọ́run ni ohun gbogbo tí ó wà ti wà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí pé nígbà tí Spinoza gbìyànjú láti tẹ ìwé náà jáde ní 1675, àhesọ gba ìlú pé ó fẹ́ fi hàn pé kò sí Ọlọ́run, ó sì dá iṣẹ́ dúró. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ní 1677 ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́.

Kí ni kí a wá fi rọ́pò "Ìṣẹ̀dá"? Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú Apá Kẹrin, Spinoza fúnra rẹ̀ pe Ọlọ́run ní Ens, èyí tí ó wà títí ayérayé tí kò sì lópin. "Wà" ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tí a nílò, ìwà sì ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó di pé ìṣesí ọmọlúàbí nìkan ni a ń fi í pè. Ó ṣì wà nínú "ìgbà ìwáṣẹ̀" tí gbogbo wa ń sọ. Kí òǹkàwé má baà ṣì í gbọ́, mo dábàá "Ìwà-gbogbo". Ọlọ́run ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò, nítorí pé Deus tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni Spinoza mọ̀ọ́mọ̀ dì mú. "Tàbí" pẹ̀lú kò bójú mu: yíyàn ni tàbí ń béèrè lọ́wọ́ wa, ohun kan ṣoṣo tó lórúkọ méjì ni sive ń tọ́ka sí. "Ọlọ́run, ìyẹn Ìwà-gbogbo" ni èmi yóò kọ.

Ìbùkún náà ní ẹni tí ń bù kún ni. Ẹ gbé e sínú gbólóhùn ìkẹyìn tí Spinoza fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé náà wò: "Ìbùkún kì í ṣe èrè ìwà rere, òun gan-an ni ìwà rere." Gbólóhùn náà ń bá ara rẹ̀ jà, nítorí pé ìbùkún, bí ẹ̀bùn, òkèèrè ló ti ń wá. Spinoza ti ràn wá lọ́wọ́: ó ní beatitudo kò ju ìbàlẹ̀ ọkàn tí ó ń ti inú mímọ Ọlọ́run jáde. Ìbàlẹ̀-ọkàn tó.

Ní ti òmìnira, ọ̀rọ̀ náà dára. Òun ni òdìkejì ìsìnrú tí ó wà nínú àkọlé Apá Kẹrin. Àlàyé tí a so mọ́ ọn ni mo takò. Nínú lẹ́tà kan tí Spinoza kọ ní 1674, ó ní bí òkò tí a sọ bá lè ronú bí ó ti ń fò lọ, yóò gbà pé nítorí ó wu òun ni òun ṣe ń fò. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọwọ́ tí ń ké fún ọmú, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀mùtí tí ń sọ ohun tí yóò kábàámọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá. Wọ́n mọ ohun tí ó wù wọ́n, wọn kò mọ ohun tí ó mú kí ó wù wọ́n. Nítorí náà, kí àlàyé tí yóò tẹ̀ lé òmìnira nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa kà báyìí: "Ohun tí ó wà lómìnira ni èyí tí àbùdá tirẹ̀ nìkan mú kí ó wà, tí ó sì ń ti inú ara rẹ̀ ṣe ohun tí ó ń ṣe."