Owó ìwádìí fún jùsì èso kajú: kí ló yẹ ká kọ?

Ará-Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ilé-iṣẹ́ èèyàn mẹ́fà ni tiwa ní Benin níbí, ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò (RCCM) àti nọ́ńbà owó-orí (IFU) wa pé. Jùsì èso kajú là ń ṣe. Ó ń ha èèyàn lọ́fun, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì máa ń silẹ̀ sídìí ìgò. A fẹ́ tọrọ owó ìwádìí tí kì í ṣe ẹ̀yáwó láti fi yanjú rẹ̀. Ṣé a lè ka ẹ̀rọ ìfúntí àti ọkọ̀ akẹ́rù mọ́ ọn?

Onílàbù Kétu
Ọkọ̀ kẹ̀? Ẹ yọ ọ́, àbúrò. Ìwé Frascati ti àjọ OECD, tó ń sọ ohun tá a lè pè ní ìwádìí, ni ọ̀pọ̀ olówó ìwádìí ń tẹ̀ lé. Ohun márùn-ún ló ń béèrè: kí iṣẹ́ náà jẹ́ tuntun, kó ní àtinúdá, kí àbájáde rẹ̀ má tíì dájú, kó létò, kí ẹlòmíràn sì lè tún un ṣe. Ẹ̀kẹta ló ń ṣubú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ̀rọ náà máa ṣiṣẹ́, ìdókòwò nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ FNDA, àpò owó ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí báńkì.

Ẹ kọ ìbéèrè tó ṣeé wọ̀n: sítáàṣì ẹ̀gẹ́ gíráàmù mélòó nínú lítà kan ló máa fa tánìnì tó ń ha ọ̀fun sílẹ̀, tí jùsì á fi mọ́ gaara fún oṣù mẹ́fà? Ìwọ̀n sítáàṣì mẹ́ta, àti ọ̀kan tí ẹ ò fi nǹkan kan sí, ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta: ìgò 12. Ẹ óò yẹ̀ ẹ́ wò ní ìbẹ̀rẹ̀, ní oṣù 1, 3 àti 6. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣí ti parí, nítorí náà ìgò 12 lọ́nà mẹ́rin, ìyẹn 48, ni kẹ́ ẹ ṣírò. Ìgò mẹ́ta láti inú agbada kan kò túmọ̀ sí pé ẹ ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta o! Ìfúntí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn pH ìfúntí kọ̀ọ̀kan (bó bá ṣe kéré tó ni jùsì ṣe kan tó): bó bá ju 4.6 lọ, sísè nínú omi gbígbóná nìkan ò lè pa gbogbo kòkòrò rẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń fà á wálẹ̀.

Akáǹtì Àjàṣẹ́
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti làbù. Owó ọwọ́ ló kù. Wọn kì í sábà san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyókù lẹ́yìn ìròyìn àti fáktúrà. *Facture normalisée*, èyí tí iléeṣẹ́ owó-orí fọwọ́ sí, ni o, wọn ò ní ka ìwé pélébé ọjà sí. TVA (owó-orí ọjà) 18% sì sábà máa ń kù sí yín lọ́rùn: irinṣẹ́ 1,000,000 sẹ́ẹ̀fà á di 1,180,000.

Ẹ tún wo àkókò. Láti oṣù kejì sí ìkarùn-ún lèso wà, èyí tó bá sì já ń kan láàárín ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá fọwọ́ síwèé ní oṣù kẹfà, ọdún kan ti lọ nìyẹn. Oṣù kejìlá ni kẹ́ ẹ kọ fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ará-Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ ṣé gan-an. Owó Yúróòpù ńkọ́? Ṣé dandan sì ni yunifásítì?

Onílàbù Kétu
Horizon Europe (2021–2027), ètò owó ìwádìí ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU), ń gba ilé-iṣẹ́ Benin, àmọ́ ẹ ò lè dá a tọrọ. Ó kéré tán, ẹgbẹ́ mẹ́ta láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta tó wà nínú EU tàbí tó bá a ṣe àdéhùn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ọ̀kan sì jẹ́ ti EU gan-an. Ẹ̀yin á wá ṣe ìkẹrin. Nínú ìpè fún iṣẹ́ tó ti sún mọ́ ọjà, 70% ìnáwó ni wọ́n ń san fún oníṣòwò. Nítorí ìgò 48? Wàhálà yẹn ti pọ̀ jù.

Yunifásítì kì í ṣe dandan níbi gbogbo, àmọ́ olùwádìí ni FNRSIT, àpò owó ìjọba Benin fún ìwádìí, máa ń bá ṣe jù, làbù sì ṣe pàtàkì. UNA, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Kétu níbí. Kẹ́ ẹ tó gbé ìgò kan fún wọn, ẹ jọ fọwọ́ síwèé lórí ẹni tó ni àbájáde. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí pàtẹ ọjà, ẹ kọ́kọ́ bi ANaPI ní Kútọnu, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan: ìforúkọsílẹ̀ kan lọ́dọ̀ OAPI, àjọ ilẹ̀ Áfíríkà fún irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, kárí orílẹ̀-èdè 17, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ayé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́. Ní ti ìwọ̀n sítáàṣì nìkan, ẹ pa á mọ́ sínú ilé-iṣẹ́ yín.